Ìlera Ìdílé: Ewú Àìtọ́jọ́ àti Ìṣègùn Àwọn Ará Íńdíà

  

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lóṣù yìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa. Ọmọ ọdún 16 ni ọmọkùnrin rẹ̀, ewú sì ti ń yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí láti bí ọdún kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé ń pè é ní "Grandad". Ọmọ náà kì í ṣí fìlà mọ́, kódà nínú ilé. Aládùúgbò wọn kan tó jẹ́ ará Íńdíà, obìnrin onínúure, wá fún ìyá náà ní ìgò òróró kan àti ìyẹ̀fun kan nínú ọ̀rá. Ó ní kí ọmọ máa fi òróró pa orí, kí ó sì máa fi omi gbígbóná mu ìyẹ̀fun náà láràárọ̀. Ìyá wá béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fún un?"

Èsì kúkúrú nìyí: òróró, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹ̀fun, rárá o, títí tí a ó fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń fi ojú kéré wo ìṣègùn àwọn ará Íńdíà. Ẹni tí wọ́n bá fi àgbo tọ́ dàgbà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ilé, ewú kì í ṣe àrùn. Ohun tí a fi ń ṣàdúrà fún ara wa ni: ẹ ó dàgbà, ẹ ó hewú. Àwọn baba wa sì sọ pé ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà. Àmọ́ ewú tó dé lákòókò ni a ń tọrọ. Àwọn dókítà awọ ara ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ èyí tí kò tọ́jọ́: fún ènìyàn dúdú, ewú tó bá yọ ṣáájú 30 ọdún, fún àwọn ará Éṣíà, ṣáájú 25, fún òyìnbó, ṣáájú 20. Ẹ rí i pé irun tiwa ni ó máa ń pẹ́ dúdú jù. Bóyá ìdí nìyí tí ewú ọmọ ọdún 16 fi máa ń dẹ́rù ba àwọn òbí wa tó bẹ́ẹ̀.

Ayurveda ni wọ́n ń pe ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà tí aládùúgbò yẹn ń lò. Èdè Sanskrit ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìmọ̀ nípa ìwàláàyè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu lásán. Ìwé ńlá méjì tí wọ́n gbójú lé jù, Charaka Samhita àti Sushruta Samhita, ti wà láti ayé àtijọ́. Ní Íńdíà lónìí, fásitì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ọdún 5 ààbọ̀ ni ènìyàn sì ń lò kí ó tó gboyè. Ní 2014, ìjọba wọn dá ilé iṣẹ́ mínísítà kan sílẹ̀ fún un àti fún àwọn ìṣègùn ìbílẹ̀ mìíràn. Ní ibi tí a wà yìí ní Bìrìtéènì, kò sí òfin tó ní kí oníṣègùn Ayurveda forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ti ń ṣe. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà dé ibẹ̀.

Palitya ni wọ́n ń pe ewú nínú ìwé wọn. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé agbára mẹ́ta ló ń darí ara: vata tó dà bí afẹ́fẹ́, pitta tó dà bí iná, àti kapha tó dà bí omi pẹ̀lú ilẹ̀. Pitta ni wọ́n di ẹrù ewú lé lórí. Ìwé Sushruta ṣàlàyé pé ìbínú, ìbànújẹ́ àti iṣẹ́ àṣejù máa ń gbé ooru ara gun orí, ooru náà pẹ̀lú pitta á wá máa se irun títí yóò fi funfun. Ẹ gbọ́ o, ó ń "se" irun, bí ẹni ń se iṣu! Ṣé èyí wá ṣàjèjì sí wa? Àwa tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ là ń tọrọ pé kí orí wa tutù. Bí ìyá àgbà bá rí ẹni tó ń fara ya kiri, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé kí ó fi omi tútù sórí.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò mọ pitta, àmọ́ wọn kò fi ọ̀rọ̀ ìbínú àti ìbànújẹ́ ṣeré mọ́. Ohun tó ń fún irun ní àwọ̀ ni mẹ́lánì, òun náà ló ń fún awọ ara wa ní dúdú. Ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan, nínú awọ orí, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pèsè mẹ́lánì sínú irun bó ti ń hù. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí bá tán, irun tó bá tún hù níbẹ̀ á jáde ní funfun. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Harvard fi eku ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n rí i pé tí ìpayà bá bá eku gidigidi, àwọn iṣan tó wà nídìí irun máa ń tú kẹ́míkà kan jáde tó ń mú kí ìpamọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tán wàràwàrà. Eku ni o, kì í ṣe ènìyàn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ti Yunifásítì Columbia yẹ irun àwọn ènìyàn díẹ̀ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí irun mélòó kan tó ti funfun tó tún dúdú padà ní àsìkò tí ọkàn ẹni náà balẹ̀. Ẹ má tíì máa jó. Ìwọ̀nba irun ni, lára àwọn tí irun wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà. Ẹni tí orí rẹ̀ ti funfun báláú kò lè retí rẹ̀.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù lọ tó ń fa ewú àìtọ́jọ́ ni ìdílé. Ní 2016, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn ènìyàn tó lé ní 6,000 ní Gúúsù Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò fi hàn pé àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní IRF4 lọ́wọ́ nínú ewú. Nítorí náà, kí ìyá yìí kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ: ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà tí tiyín yọ? Bí ó bá jẹ́ pé láti 18 ni ìdílé wọn ti ń hewú, ìdáhùn ti ń yọjú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí òróró. Èyí tó lókìkí jù nínú Ayurveda fún irun ni òróró bhringraj. Wọ́n máa ń gbo ewé náà, wọ́n á fi omi rẹ̀ se òróró yànmọ̀tí tàbí òróró àgbọn títí omi á fi gbẹ. Orúkọ mìíràn tí wọ́n fún ewé náà túmọ̀ sí ọba irun. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ewé náà wà nílé wa. Eclipta ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ó ní òdòdó funfun kékeré, etí omi àti ibi tó rẹ̀ ló máa ń hù sí. Abíkòlò ni ọ̀pọ̀ ń pè é, àwọn mìíràn ní arójòkú. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ra á, omi rẹ̀ á sọ ọwọ́ yín di dúdú. Mo rò pé àwọ̀ dúdú yìí gan-an ló jẹ́ kí àwọn àgbà Íńdíà fọkàn tán an.

Ṣé ó ń dá ewú dúró? Kò tíì sí àyẹ̀wò tó gbópọn lórí ènìyàn tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Irun tó ti jáde kúrò nínú awọ orí, òkú ni. Òróró lè mú un dán, ó lè jẹ́ kó rọ̀, kó má ṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fún un ní mẹ́lánì. Síbẹ̀, n kò rí ohun tó burú nínú kí ìyá jókòó lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, kí ó fi òróró tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ra á lórí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Irun tiwa máa ń gbẹ ní ìlú òtútù yìí, òróró dára fún un. Bí eèpá bá wà lórí ọmọ, kí òróró má pọ̀. Kí ó kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ ọmọ fún ọjọ́ méjì, kí ó wò ó bóyá ara á yún un.

Amla ńkọ́? Èso kékeré tó kan gan-an ni, fítámì C rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ ó rí i ní Southall tàbí Wembley, nínú yìnyín tàbí tí wọ́n ti sá a gbẹ. Bí èso, ẹ jẹ ẹ́ bó bá wù yín. Ewé kọ́rì tí wọ́n ń sè pẹ̀lú òróró àgbọn náà wà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ewé igi ni o, kì í ṣe kọ́rì inú ike tí a ń fi sí ìrẹsì.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wọn ni mo fẹ́ràn jù. Ìwé Charaka kìlọ̀ gidigidi nípa iyọ̀: ó ní ẹni tó bá ń jẹ iyọ̀ láṣejù, orí rẹ̀ á pá, á hewú, ara rẹ̀ á sì hunjọ ṣáájú àkókò. Sáyẹ́ǹsì kò tíì fi hàn pé iyọ̀ ń fa ewú. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú bí ẹ̀jẹ̀ ríru ti pọ̀ láàárín wa tó, ẹni tó bá tìtorí ewú dín iyọ̀ àti magí kù ti jèrè lọ́nà mìíràn. Wọ́n tún ní kí á dín ata kù, torí ata máa ń dá iná kún pitta. Èyí, n kò ní sọ nǹkan kan sí i. Mo mọ àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun kan wà tí wọ́n ń ṣe tí n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe fún ọmọ nílé: kíkán òróró sí imú, tí wọ́n ń pè ní nasya. Òróró lè gba imú bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì dá àìsàn sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ lágbo ní tipátipá láyé àtijọ́, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn mìíràn á ní, ó dáa, ẹ jẹ́ kí a kùn ún. Lààlì ni àwọn ará Íńdíà ń lò, lẹ́yìn náà wọ́n á fi elú lé e. Lààlì nìkan á sọ ewú di pupa bí ọsàn. Elú tó bá gorí rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di dúdú. Elú tiwọn kì í ṣe igi kan náà pẹ̀lú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ àdìrẹ, àmọ́ aró kan náà ló ń jáde nínú àwọn méjèèjì. Fún àgbàlagbà, ọ̀nà yìí dára, bí lààlì bá jẹ́ lààlì. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Kò sí lààlì kankan tó dúdú fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tí wọ́n ń pè ní lààlì dúdú, kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PPD ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ó lè bó awọ orí, ó lè mú kí ojú wú títí ojú á fi dí, ẹni tó bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ kò ní gbà á mọ́ láéláé. Ara páálí aró irun tí wọ́n ń tà ní Bìrìtéènì àti Yúróòpù ni wọ́n ti ń kọ ọ́ pé kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé 16.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ẹ tẹ́tí sí èyí dáadáa. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ G6PD, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Láàárín àwa Yorùbá, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ni tirẹ̀ kò tó, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún wa nílé pé kí á má fi aṣọ tó ti bá kàfúrà gbé wé ọmọ ọwọ́. Lààlì gidi, èyí tí kò ní kẹ́míkà kankan, lè ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní jàǹbá kan náà: sẹ́ẹ̀lì pupa á máa fọ́, ojú ọmọ á pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú bí kóòkì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi lààlì pa ọmọ ọwọ́ àti ọmọ kékeré lára tàbí lórí, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ó wá ku ìyẹ̀fun inú ọ̀rá.

Ní 2004, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ra oògùn Ayurveda 70 ní àwọn ṣọ́ọ̀bù àdúgbò Boston, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Nínú 14 lára wọn ni wọ́n ti rí òjé, mẹ́kúrì tàbí ásẹ́níkì. Ní 2008 wọ́n tún yẹ 193 wò tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló tún ní in. Ní 2011 sí 2012, obìnrin aláboyún 6 ní New York ni òjé bá lára, oògùn Ayurveda tí wọ́n ń lò ló sì fà á. Kì í sì í ṣe pé ìdọ̀tí bọ́ sínú oògùn nìkan. Ẹ̀ka kan wà nínú Ayurveda tó ń mọ̀ọ́mọ̀ fi irin tí wọ́n ti sun di eérú sínú oògùn. Bhasma ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì gbà pé sísun náà ti pa oró rẹ̀. Àyẹ̀wò kò gbè wọ́n lẹ́yìn.

Òjé kì í jáde lára bọ̀rọ̀. Ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bá jà, kì í sì í dùn, kì í yún, ẹ kò ní mọ̀ títí ìwé á fi bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún ọmọ. Àwa náà ní tìróò nílé, èyí tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ òjé, tí a sì fi ń lé ojú ọmọ tuntun. Ẹ sì rántí Zamfara ní 2010, níbi tí òjé láti ibi ìwa góòlù ti pa ọmọ tó lé ní 400. N kò sọ pé òjé wà nínú ìyẹ̀fun tí aládùúgbò fún wọn o. Bóyá amla lásán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí kò ní orúkọ, tí kò ní ibi tí wọ́n ti ṣe é, kò yẹ kó wọ ẹnu ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra oògùn ewé ní Bìrìtéènì, kí ó wo ara páálí fún àmì THR tó ní àwòrán ewé. Àmì yẹn kò sọ pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti yẹ bí wọ́n ṣe ṣe é wò.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí Màmá ń ka èyí fún, ẹ̀yin náà ní ìpín tiyín. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà "shampoo" tí ẹ ń pe ọṣẹ ìfọrun, láti èdè Hindi ló ti wá? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a máa fi ọwọ́ tẹ ara tàbí orí. Ará Íńdíà kan tó ń jẹ́ Sake Dean Mahomed ló sọ ọ́ di mímọ̀ ní Brighton ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, títí ó fi ń ṣe é fún ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá ní ẹlẹgbẹ́ tí irun rẹ̀ funfun, ẹ má pè é ní bàbá àgbà mọ́. Ẹ kò mọ iye ìgbà tí ó ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má sì fa ewú tu: méjì kò ní hù dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí irun náà lè bàjẹ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ìyá wa ni kí ó mú ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ GP, kí ó sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún fítámì B12, fún irin inú ẹ̀jẹ̀, àti fún táírọ́ọ̀dù, ohun kékeré bíi labalábá tó wà níwájú ọrùn. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá ṣe dáadáa, ó lè fa ewú, ó sì lè jẹ́ pé ewú ni àmì tó kọ́kọ́ yọ. B12, inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló wà. Àwọn ọmọ wa kan tó ti fi ẹran sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni ń pàdánù rẹ̀. Bí wọ́n bá tọ́jú àìtó yìí, nígbà mìíràn àwọ̀ irun máa ń padà. Èyí nìkan ni ọ̀nà tí mo mọ̀ tí oògùn mímu fi lè mú irun dúdú padà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà, ó lè mú B12 yín lọ sílẹ̀, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò tiyín náà. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni irun ti funfun, tí awọ ibẹ̀ náà sì funfun, tàbí tí wọ́n bí ọmọ mọ́ ọn tí etí rẹ̀ kò sì gbọ́ dáadáa, ẹ tètè sọ fún dókítà.

Bí gbogbo àyẹ̀wò bá dára, tí ó sì jẹ́ ti ìdílé, kí bàbá rẹ̀ bá a jókòó, kí ó fi fọ́tò ara rẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún hàn án. Oníbàábà tó mọṣẹ́ lè gé ẹ̀gbẹ́ orí mọ́lẹ̀ tí ewú kò fi ní hàn rárá. Àwọn ọ̀dọ́ ló sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò fún òróró, kí ó sì mú ìyẹ̀fun náà dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ rí dókítà, kí ó fi hàn án.

Ẹ máa fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí olóòtú, tàbí kí ẹ fún wa lọ́wọ́ nípàdé. Ó dìgbà kan ná o.

Ẹ̀gbọ́n yín, Abala Ìlera Ìdílé